Àmì Orí Ọpẹ́

Ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì Miriam Àjíṣafẹ́ kọ́kọ́ fojú kan Yésúfù, orí àkàbà ni ọkùnrin náà wà, níwájú ilé onílé, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Ọdún 2015 ni. Miriam ń ti Àkọ̀wọ́njọ lọ síbi iṣẹ́, aṣọ funfun rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì mọ̀ dájú pé bí òun bá dúró wòran, òun á pẹ́. Ó dúró.

Ilé Alàgbà Julius ni, ará Oǹdó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi kọ́ ilé náà. Nígbà tó parí, ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sára ògiri iwájú, wọ́n sì kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá: OPE NI. Kò sí àmì kankan lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí lórí rẹ̀. Ọkùnrin orí àkàbà ti na búrọ́ọ̀ṣì sí lẹ́tà àkọ́kọ́ nígbà tí Alàgbà Julius jáde síta tòun ti pákò lẹ́nu.

"Ìwọ ta nìyẹn? Kí lò ń ṣe lára ògiri mi?"

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Àánú yín ló ṣe mí."

"Àánú kí ni?"

"Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń gba ibí kọjá. Ògiri yín ń bú yín, ẹ ò sì mọ̀."

Alàgbà Julius yọ pákò lẹ́nu. "Ó bú mi báwo?"

"Ó ní òpè ni."

"Ọpẹ́ ni mo ní kí wọ́n kọ. Ọpẹ́. Mo ń dúpẹ́ ni."

"Ohun tó wà lọ́kàn yín nìyẹn, Bàbá. Ohun tó wà lára ògiri kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣojú àánú lè kà á sí ọ̀pẹ ni. Ṣùgbọ́n mo wo inú ọgbà yín, mi ò rí igi ọ̀pẹ kankan. Òpè ló kù. Mi ò kàn mọ ẹni tó ń bá wí nínú ilé ni."

Èrò ti pọ̀ lójú ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀. Alàgbà Julius ní kí ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ kíá. Òun náà ní kí Bàbá ṣe sùúrù díẹ̀, ó ku àmì abẹ́ méjì àti àmì orí kan ṣoṣo. Ó fi wọ́n sí i, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ náà sókè ketekete, "Ọpẹ́ ni," ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún onílé, ó gbé àkàbà rẹ̀ lé èjìká, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀gá Miriam bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ó ní ògiri kan ló ń bú ẹnì kan.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Yésúfù. Iṣẹ́ pátákó kíkọ ló ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Ìkòtún. Láti Ìkòtún títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, Bàbá Alámì ni wọ́n ń pè é. Lójú tirẹ̀, Ọlọ́run dá ọ̀rọ̀ tòun ti àmì rẹ̀. Ọ̀lẹ èèyàn ló ń bọ́ ọ síhòòhò. Ó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì dà bí ọmọ tó sọnù sójà: gbogbo ẹni tó bá rí i ló lè pè é lórúkọ tó bá wù ú.

Nígbà tí báńà tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ gbòde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa iṣẹ́ tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Yésúfù ní tirẹ̀ ra ọ̀dà funfun kan àti dúdú kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí báńà àwọn ẹni ẹlẹ́ni lójú títì, láìgba àṣẹ, láìgba kọ́bọ̀. "Lẹ́tà ni mò ń tà," ni yóò wí. "Mi ò ta àmì rí." Ajá kan bù ú jẹ ní Abúlé Ẹ̀gbá nítorí àmì orí kan. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ náà jinná, ó padà lọ fi ìkejì sí i.

Mùtíù mẹkáníìkì náà jẹ nínú rẹ̀. Ó gbé pátákó síta ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé A N TUN OKO SE. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Yésúfù ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́rán.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ọkọ̀ yín dà?"

"N kò ní ọkọ̀. Ìyàwó mi ló ní kí n wá. Ó ní òun kà á níbí pé ẹ̀ ń tún ọkọ ṣe."

Mùtíù wo pátákó rẹ̀, ó wo bàbá náà. Ọmọlúàbí ni, ó sì ní ọgbọ́n ẹ̀fẹ̀. "Kí ló ń ṣe ọkọ ọ̀hún, Bàbá?"

"Ó ní kì í gbọ́ràn, ó sì máa ń hanrun."

Mùtíù fúnra rẹ̀ ló di àkàbà mú fún un tó fi àmì sí i. Nígbà tí Yésúfù délé tó ròyìn fún ìyàwó rẹ̀, Sìdíkátù ò rẹ́rìn-ín rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: "Ṣé wọ́n rí i tún ṣe?"

Lásìkò òjò ọdún 2018 ni àìsàn dé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, Yésúfù sì ní àárẹ̀ lásán ni. Nígbà tí inú rẹ̀ wú tó le bí pákó, wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́nà Ìgandó. Taifọ́ọ̀dù ni, ó sì ti dá ìfun rẹ̀ lu. Dókítà Abdulganiyy ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí wọ́n tì í wọ wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì tó gbà á wo ojú rẹ̀ títí. Ó ti rí ojú náà rí, lórí àkàbà.

Miriam Àjíṣafẹ́ kò yára sọ̀rọ̀, kò sì yára bínú. Kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn, a máa fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ra ara wọn títí wọ́n á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ó ní ọwọ́ tútù ń dẹ́rù ba ẹni tí ẹ̀rù ń bà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fi ọwọ́ wọ́ọ́rọ́ náà nu ara Yésúfù, tó ń yí i láti ìhà kan sí ìkejì, tó ń wẹ ojú ọgbẹ́ rẹ̀, tó sì ń kí i bí ẹni tó ń gbọ́. Yésúfù kò dáhùn. Ó ń mí, ó tán.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, Dókítà Abdulganiyy pe Sìdíkátù sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìyá, iṣẹ́ abẹ náà dára. Ṣùgbọ́n agbára ọkọ yín ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì dá wa lóhùn. Bí kò bá dáhùn títí di ọ̀la, ẹ̀rù á máa bà mí."

Sìdíkátù padà wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tòun ti tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó ti pe orúkọ ọkọ rẹ̀ títí. Ó ti kì í. Ó ti ní Mubarakah ọmọ wọn ń bọ̀ láti iléèwé. "Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ọkùnrin tó ń bá ògiri jà nìyí. Ẹ wò ó bó ṣe dákẹ́."

Miriam mú fáìlì tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kí ó lè kọ ìwọ̀n ìgbóná ara rẹ̀ sí i, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀: YESUFU, gbọọrọ, láìní àmì. Ó wo orúkọ náà. Ó wo ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ ògiri Alàgbà Julius wá sí i lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ kí ó yéni: bàbá tó bí Miriam jẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, kì í sì í jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun bí àmì kan bá fò nínú ìwé wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ tí Miriam ò lè fi àmì sí bó bá di ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí aláìsàn náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ yín yìí? Ṣé Yèsufú ni?"

Ìpéǹpéjú Yésúfù gbọ̀n. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì nìkan ló lè rí i.

"Àbí Yẹ̀sùfú?"

Yésúfù fa ojú ro.

"Nọ́ọ̀sì," Sìdíkátù wí, "Yésúfù ni."

"Mo mọ̀, Ìyá Mubarakah. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n ṣì í." Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ní ará Ògbòmọṣọ ni yín, Bàbá."

Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún Yésúfù rọra pàdé ara wọn, bí ọwọ́ ẹni tó di búrọ́ọ̀ṣì mú.

"Iṣẹ́ abẹ yín lọ dáadáa. Ọ̀pẹ ni fún Ọlọ́run."

Ètè gbígbẹ náà mì.

"Mo ní ọ̀pẹ ni fún Ọlọ́run. Igi ọ̀pẹ."

Ètè là, ó tún padé. Miriam tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá nínú ọkàn rẹ̀, ó sì sọ èyí tó burú jù. "Àbí òpè ni fún Ọlọ́run?"

"Ọpẹ́," ni Yésúfù wí.

Sìdíkátù dìde, tẹ̀sùbáà sì jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ń dúpẹ́. Ẹ gbọ́, ọkọ mi ń dúpẹ́." Ariwo ọpẹ́ gba wọ́ọ̀dù kan. Aláìsàn tí wọn ò gbà láyè láti jókòó jókòó. Dókítà Abdulganiyy sáré wọlé, ó bèèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ, wọ́n sì sọ fún un. Ó mi orí tìyanutìyanu. "Mùmíní òdodo nìyí," ó ní. "Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọpẹ́."

Miriam nìkan ló rí ojú tí mùmíní òdodo fi ń wo òun. Ojú tí bàbá rẹ̀ fi máa ń wo ìwé rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ni. Yésúfù ṣa ìwọ̀nba agbára tó kù sí i lára jọ, ó tún ètè là. "Àmì òkè," ó ní, "lórí ẹ." Nọ́ọ̀sì wọ yàrá tí wọ́n ń kó oògùn sí lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì da ẹkún pọ̀ mọ́ ẹ̀rín.

Láti ọjọ́ náà ni Miriam ti di ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Bí Yésúfù bá fẹ́ sùn lọ lásìkò tí kò yẹ, yóò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Bí ó bá kọ oúnjẹ, yóò ṣi méjì pè. Ó ti rí i pé ohun méjì ni kò jẹ́ kí ọkùnrin náà kú, omi tí wọ́n fà sí i lápá àti àṣìṣe.

"Bàbá, àsìkò ogún yín ti tó."

"Ogún ta ni? Ta ló kú?"

"Ogún tí dókítà kọ fún yín, tí ẹ ó fi omi gbé mì."

"Sístà, ẹ ṣàánú mi. Oògùn. Ẹ la ẹnu dáadáa, ẹ fa á. Oò..." Ẹnu tó là láti fa oò yẹn ni Miriam ju hóró méjèèjì sí.

"Èkìtì ni mí, Bàbá," ni yóò wí lẹ́yìn náà. "Ẹ máa fara dà á."

"Mo ti bá ará Èkìtì gbé rí. Ulé ni wọ́n ń pe ilé, mo gbà, bí ti yín ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ará Èkìtì tó ń jogún parasẹtamọ́ọ̀lù."

Ọjọ́ kan wà tí inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó lè pe ẹnikẹ́ni. Ó kọjú sí ògiri, ó bo orí. Bàbá tí gbogbo Ìkòtún mọ̀ ni, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Miriam gbé omi gbígbóná wá. Kò sọ pé kò burú, kò sì sọ pé ó burú. Ó ń yí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń ka ìwé ìròyìn fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pẹ̀lú àmì òdì lórí gbogbo orúkọ ìlú. Kí ó tó dé ìlú kẹta, Yésúfù ti ṣí orí. Ìgbà tí yóò fi dé ìkẹfà, inú ti ń bí i débi pé kò rántí ìtìjú mọ́. Aṣọ mímọ́ sì ti wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí ara ṣe ń le sí i ni ohùn ń le sí i. Pátákó kan wà lára ògiri wọ́ọ̀dù, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀: Ẹ MA PARIWO. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Yésúfù ń pariwo pé ebi ń pa òun, ó sì ń pa á ní ti tòótọ́. Dókítà Abdulganiyy wọlé.

"Bàbá, àwọn ẹlòmíràn ń sinmi. Ṣé ẹ ò rí pátákó yẹn ni?"

"Mo rí i, Dókítà."

"Kí ló kọ?"

"Ó ní ẹ máa pariwo. Mo sì ń pa á."

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wàhálà gidi dé. Ó tó àsìkò kí ó rìn, kò sì fẹ́ rìn. Dókítà ní bí ó bá ń sùn sílẹ̀ báyìí, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì gbẹ, gbogbo làálàá náà á di òfo. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Sìdíkátù bẹ̀ ẹ́. Mubarakah sunkún. Yésúfù fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ náà gbọ̀n, ó sì gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ó ní. "Ẹsẹ̀ yìí ti di ti ẹlòmíràn." Ohùn tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn àwàdà, ẹ̀rù sì ba Miriam ju bó ṣe bà á lọ́jọ́ kẹrin.

Kò bá a jiyàn. Ó mú páálí kan, ó fi tàdáwà kọ nǹkan sí i gàdàgbà, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà sí ibi tí Yésúfù sùn sí. BABA ALAMI ló kọ.

Yésúfù rí i. Ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tún yí i padà.

"Ta ló kọ ìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Kí àwọn tó ń wá kí yín lè rí ibi tí ẹ wà."

"Wọn ò ní rí mi níbẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ gbé e wá kí n tún un ṣe."

"Gọ́ọ̀mù ti mú un."

"Ẹ̀yin ẹ bá mi fi àmì sí i, ṣá."

"Èmi, Bàbá? Èmi tí mò ń pe oògùn ní ogún?"

Yésúfù ro ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Kò lè fi orúkọ òun lé irú obìnrin yìí lọ́wọ́. "Ẹ fún mi ní bírò," ó ní, ó sì gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Sìdíkátù wà lósì, Miriam wà lọ́tùn-ún. Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé kókò, ṣùgbọ́n ojú Yésúfù kò kúrò lára ilẹ̀kùn. Àwọn aláìsàn ń ka bẹ́ẹ̀dì bó ṣe ń kọjá wọn. Ìkíní. Ìkejì. Ìkẹta. Ní ìkẹrin, ó dúró, ó fi ọwọ́ ti irin bẹ́ẹ̀dì, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ìyá àgbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà sọ fún un pé kí ó padà, ọ̀la náà ọjọ́ ni. "Ìyá," Yésúfù wí, "ẹ ò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni?" Ó tún gbéra. Ìkarùn-ún. Ìkẹfà. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́, ó sì fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyára, bí ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn ọmọ: BÀBÁ ALÁMÌ.

Àtẹ́wọ́ ròkè. Ìgbà náà ló tó bojú wẹ̀yìn, tó sì rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́hùn-ún, bó ṣe jìnnà tó. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Sístà, ẹ pe orúkọ mi."

"Yésúfù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́." Kò sí ohùn kan tó yẹ̀.

"Ẹ pe ohun tí ẹ ń fún mi lò."

"Oògùn, Bàbá."

"Ta ni bàbá yín?"

"Olùkọ́ ni. Yorùbá ló fi ń kọ́ni, ní Ìkẹ́rẹ́."

Yésúfù gbé orí lé ilẹ̀kùn. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko," ó ní, "ni mo fi ń kọ́ ọmọ tíṣà níwèé."

Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nílé ìwòsàn náà. Sìdíkátù ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọpẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọkọ òun, ìtàn náà sì ti dé mọ́ṣáláṣí ṣáájú wọn. Ní Jímọ̀ tí wọ́n lọ dúpẹ́, Ààfáà fi í ṣe wáàsí. Àwọn èèyàn ń mi orí. Yésúfù, tí kò lè fojú fo àṣìṣe kódà bó bá ń yìn ín, dìde dúró.

"Ààfáà, ẹ má bínú. Mi ò dúpẹ́ lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ló ṣi ọ̀rọ̀ pè, mo sì ń tún un ṣe. Ọpẹ́ tèmi ṣì wà nílẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi ṣe ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó gbé iṣu lọ fún Miriam. Ilé ìwòsàn ní àwọn òṣìṣẹ́ wọn kì í gba ẹ̀bùn. Ó lọ fi ẹnu sọ ọ́, bó bá ti ní, "Sístà, ọpẹ́..." Miriam á dá a lóhùn pé, "Mo gbọ́, Bàbá. Àmì òkè lórí ẹ," àwọn méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tún bá ẹ̀rín lọ. Ó wá gba àṣẹ, ó tún gbogbo pátákó wọ́ọ̀dù náà kọ tàmìtàmì, bẹ̀rẹ̀ láti orí Ẹ MÁ PARIWO. Nígbà tó parí, Sìdíkátù ní ṣé ó ti tó báyìí. "Iṣẹ́ nìyẹn," Yésúfù wí. "Ọpẹ́ kọ́."

Ọdún márùn-ún ló fi gbé ọpẹ́ náà káàkiri. Ní ọdún 2023, Miriam fẹ̀yìn tì, ó sì kó lọ sí ilé kékeré kan tó kọ́ sí Ìjẹ̀gùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀kadà kan ń fò lórí kòtò bọ̀, bàbá arúgbó kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbá nǹkan pẹlẹbẹ mọ́ àyà, aṣọ ìró àtijọ́ ni ó fi wé e. Ọwọ́ Yésúfù ti ń gbọ̀n díẹ̀ nígbà yẹn. Ó tú aṣọ náà fúnra rẹ̀.

Pátákó tuntun ni, igi rẹ̀ dán, lẹ́tà rẹ̀ pupa, ó sì gún régé. OPE NI ló kọ síbẹ̀.

Miriam wò ó, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀, ó tún wò ó. "Bàbá, àmì dà?"

"Mi ò fi sí i."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni. Ẹ jókòó, Sístà. Nígbà tí ẹ ń ṣi ọ̀rọ̀ pè fún mi yẹn, mo rò pé ẹ ò mọ nǹkan kan. Àṣé èmi gan-an ni mi ò mọ̀. Òpè ni. Mo sì wó lulẹ̀, kò sí ẹni tó rò pé mo lè dìde mọ́, ẹ gbé mi dúró gbọin bí igi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀pẹ ni. Ẹ mọ èyí tó kù."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Bí mo bá fi àmì sí i, ẹyọ kan ló máa kù nínú mẹ́ta. Mi ò fẹ́ kí ọ̀kankan sọnù."

Miriam fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àmì òkè dáhùn bó ṣe máa ń ṣe. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà tòun ti ọgọ́ta ọdún rẹ̀. Yésúfù gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ọpẹ́ ni, Sístà," ó ní. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó ń tún ẹnikẹ́ni ṣe.

Lásìkò ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, Yésúfù kírun ọ̀sán, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Wọ́n gbé e lọ sin ní ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Báńà tí wọ́n tẹ̀ fún fìdáù rẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà láìní àmì ẹyọ kan, Sìdíkátù sì figbe ta pé bí bàbá bá rí èyí, á dìde. Mubarakah gun àkàbà bàbá rẹ̀, Miriam dúró nísàlẹ̀, ó ń pe àmì fún un. Mùtíù mẹkáníìkì ló di àkàbà mú. Ìgbà tí wọ́n fi dé orí lẹ́tà tó kẹ́yìn, ẹ̀rín ti pa ẹkún lẹ́nu gbogbo wọn.

Ní oṣù tó kọjá, Alàgbà Julius, tó ti di ojúlùmọ̀ Miriam láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ ògiri náà, wá kí i ní Ìjẹ̀gùn. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Ó dúró pẹ́ lẹ́nu géètì tí Miriam gbé pátákó náà kọ́ sí, kò wọlé.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "n kò fẹ́ dá yín lágara o. Ṣùgbọ́n pátákó yín ń bú yín. Mo ní ọ̀dà nílé."

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ọwọ́ Bàbá Alámì ni."

Alàgbà Julius wo pátákó náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ẹnu, ó tún un kà, ó tún un kà, lọ́nà mẹ́ta. Ó bọ́ fìlà.

Yésúfù wà ní agboolé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀. Gbogbo àmì orúkọ rẹ̀ ló wà lára òkúta ibojì rẹ̀.